Gbogbo Wa Dúró Gbagidi fún Towera

Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè Bàbá Gondwe kò tíì gbẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi wá sí ẹ̀yìnkùlé NyaMhone láti béèrè fọ́tò.

Bàbá náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí láyé. Ó ní ojú òun kì í ṣe ẹja usipa tí a ń sá sórí àtẹ kí gbogbo ayé máa wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé Towera, ọmọ-ọmọ NyaMhone, gbé kámẹ́rà lọ sí etí adágún ní òwúrọ̀ kan tí bàbá náà wà láàárín àwọn tó ń fa àwọ̀n. Wọ́n ronú pé bóyá ojú rẹ̀ á ti bá tàwọn yòókù wọ inú kámẹ́rà.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ọmọ ilé-ìwé girama ni Towera. Ó rẹwà, kò sì sí dígí kan ní Chipeleka, abúlé wa, tí kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lumbani, tó ń bá ayàwòrán ìgbéyàwó kan ṣiṣẹ́ ní Johannesburg, ló fi kámẹ́rà àlòkù náà ránṣẹ́ sí i, tó sì ń kọ́ ọ lórí fóònù nígbàkigbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàánú wa.

"Kámẹ́rà ní ìpéǹpéjú bíi tèèyàn," Lumbani sọ fún un. "Tó bá ṣẹ́jú wàrà, ẹyẹ tó ń fò á dúró bíi pé wọ́n kàn án mọ́ ojú ọ̀run. Àmọ́ tí o bá jẹ́ kó lajú sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ohun tó dúró á hàn kedere, ohun tó ń rìn á sì ṣàn lọ bí omi."

Ìṣàn yẹn ni Towera fẹ́ràn. Ó ya ìgbì omi títí ó fi dà bí aṣọ funfun. Ó ya táyà kẹ̀kẹ́, ó ya àwọn ọmọdé tó ń fo okùn, ó ya àwọn kòkòrò nkhungu tó máa ń dìde lójú adágún bí òpó èéfín, èéfín tí kò ní iná nídìí. Òpó kòkòrò yẹn ló lọ yà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí. Àwọn tó ń fa àwọ̀n kàn wà níwájú rẹ̀ ni.

Ó tan kámẹ́rà, ó nà án sí Masozi, àkọ́bí bàbá náà. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Iyanrìn hàn, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ hàn, àwọn tó fi ẹsẹ̀ walẹ̀ tí wọ́n di okùn mú hàn débi pé èèyàn lè ka bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Láàárín wọn, Bàbá Gondwe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Láti ìbàdí lọ sókè, èéfín ni.

"Kí ló dé tí mo fi ń rí àtẹ ẹja nínú àyà bàbá mi?" Masozi béèrè.

Ìdáhùn náà kò le. Ikọ́ ló ń gbọn bàbá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń wú u láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kódà òun ló padà pa á. Ẹni tí ikọ́ ń gbọ̀n kò lè dúró sójú kan, kámẹ́rà sì lajú sílẹ̀ pẹ́. Towera la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá gbójú sókè, ó rí i pé àgbàlagbà mẹ́rin ti dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu òun. Kò sí àgbàlagbà tó wo ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá a sọ kò ju "Towera, omi tán nínú ìkòkò" lọ.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo ti rí i látọjọ́ náà," ó ní. "Mi ò kàn fẹ́ sọ ni."

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Towera kò fọ́. Ó pa ọmọ, ọmọ náà sì pọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ilé tí kò tíì gbọ́ ní Chipeleka pé kámẹ́rà Towera ń rí ikú kó tó dé. Àwọn tí kì í wo Towera lẹ́ẹ̀mejì bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un lọ́nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì tó ní ìfẹ̀yìntì. Ẹnìkan gbé àkùkọ wá fún NyaMhone láìsọ ìdí tó fi gbé e wá. Lusungu, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló ń bá òun alára gbé báàgì, ló wá ń gbé báàgì Towera.

Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: ta ni kò ní dùn mọ́ nínú? Towera yọ ìborùn dúdú kan nínú àpótí ìyá àgbà rẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń rìn jẹ́jẹ́. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á ṣàdédé wo ẹ̀yìn èjìká onítọ̀hún, á mí kanlẹ̀, á ní, "Kò sí nǹkan kan o." Onítọ̀hún kò ní fojú kan oorun mọ́jú.

"Kí lo wé mọ́rí yẹn?" NyaMhone bi í. "Ta ló kú fún ọ?"

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà! Ó bá mi mu ni."

"Ó bá ọ mu lóòótọ́. Bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó mọ ìwọ̀n orí rẹ."

Towera rẹ́rìn-ín. Kò bọ́ ọ.

Ẹnìkan, a ò mọ ẹni náà mọ́ torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òun ni, ló kọ́kọ́ wo àwọn fọ́tò náà fínnífínní tó sì rí i pé ẹni tó bá dúró sójú kan máa ń jáde ní odindi. Ẹni tó bá mira nìkan ni kámẹ́rà ń mú lára rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, a mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí òkú bá ń kọjá, gbogbo nǹkan á dúró. Ẹni tó ń roko á gbé ọkọ́ sílẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń bú ìyàwó rẹ̀ á fi èébú náà há ọ̀fun. Kò sí ẹni tí yóò mira títí wọn yóò fi gbé òkú kọjá. Bí àwọn baba wa ti ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nípa bí a ó ti ṣe fún kámẹ́rà. Nítorí náà, a ṣe fún un bí a ti ń ṣe fún pósí.

Ẹ bá mi wo òwúrọ̀ Sátidé kan. Towera ń bọ̀ láti òpin abúlé, ìborùn dúdú lórí, kámẹ́rà láyà. Àwọn obìnrin tó ń gún gbágùúdá dá ọmọ odó dúró lókè orí. Okùn tí àwọn ọmọdé ń fò bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń fò ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ọkùnrin tó ń fi koríko bo òrùlé di ìdì koríko mú lójú ọ̀run. Ìyá kan tó ń wẹ ọmọ dá igbá omi dúró, ọmọ náà pàápàá, tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀, kò sunkún. Ní iwájú ilé-ìwé, Tísà Mkandawire, tó ti fi ọdún púpọ̀ ya ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ àti dígí sójú pátákó fún wa, ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Ó rí Towera lójú fèrèsé. Ẹfun dúró lójú pátákó. Mímí pàápàá, ó dá a dúró.

Adìyẹ nìkan ló ń rìn. A ń gbọ́ adágún láti ọ̀ọ́kán, bí ẹni tó ń fi ahọ́n lá àwo. Bí Towera bá ti kọjá, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀, gbogbo ayé dákẹ́.

Ó kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Olóyè wo la dá abúlé dúró fún báyìí rí?

Ọmọ kékeré kan tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá láti Mzuzu ló ba ọjọ́ náà jẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fa ìró ìyá rẹ̀. "Màmá, ta ló kú? Mi ò rí pósí."

Ìyá rẹ̀ bò ó lẹ́nu.

Towera dá ẹsẹ̀ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wá àwọn tó ń gbé òkú bọ̀ lẹ́yìn òun. Ọ̀nà ṣófo. Òun nìkan ló ń kọjá.

Ó yẹ kó bọ́ ìborùn náà lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn tún un wé ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ràn ohun tó ń rìn, kò sì sí ohun tó ń rìn mọ́. Ibi gbogbo tó bá kọjú kámẹ́rà sí, òkúta ni. Ó ya àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó rí àwọn ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹyẹ àkọ̀, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń yí lọ. Nítorí náà, ní ìdájí ọjọ́ kan, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí omi, ó ń dúró de àwọn apẹja.

Ọkọ̀ Yotamu ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin tó tóbi ni Yotamu, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé èbúté. Bí ọkọ̀ ti kan iyanrìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wà á rí orí Towera lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ó súfèé. Gbogbo wọn dúró gbagidi, ẹlòmíràn nínú omi dé orúnkún, ẹlòmíràn tòun ti àjẹ̀ lọ́wọ́. Yotamu nìkan ló kọ̀yìn sí wọn. Òun ń kọrin, kò gbọ́ súfèé. Ó fò láti inú ọkọ̀ tòun ti okùn léjìká.

Kámẹ́rà lajú, ó sì ṣẹ́jú.

Nígbà tí Towera wo ohun tó yà, ọkàn rẹ̀ fò. Àwọn ọkùnrin náà dúró bí òpó, omi tutù nini ní ẹsẹ̀ wọn, láàárín wọn sì ni ohun kan ń ṣàn láti inú ọkọ̀ bọ́ sí orí iyanrìn, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ fà ya, bí iná tí kò ní àwọ̀. Kò ní ojú. Kò ní ọwọ́. Kò tíì ya ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa á rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ṣe ohun tó dára tí ẹnikẹ́ni kò rí i, ṣé ó ṣe é? Bó ti rò ó nìyẹn. Ó fi han Lusungu, Lusungu nìkan.

Lusungu kígbe. Kí oòrùn tó mú, gbogbo wa ti gbọ́.

"Èmi? Èéfín?" Yotamu ní, ó sì gbá ikùn rẹ̀. "Ẹ bi Esnati ìyàwó mi, bóyá èéfín ló ń pa òkèlè nsima rẹ̀ run lálaalẹ́."

A rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ wá sí etí omi. Sabuni, tó dàgbà jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja, dúró síwájú ọkọ̀.

"Yotamu, sinmi lónìí."

"Kò rẹ̀ mí."

"A mọ̀ pé kò rẹ̀ ọ́. Ṣáà sinmi."

"Sabuni, ọkọ̀ mi nìyí o! Èmi ni mo gbẹ́ ẹ!"

"Tìẹ ni. Àmọ́ ọmọ wà nílé tiwa. A kì í bá ẹni tí wọ́n ti pè wọ ọkọ̀ kan náà."

Yotamu wo àwọn yòókù. Gbogbo wọn ń wo omi. Ó gbé àjẹ̀ náà padà sílé, a kò sì gbọ́ orin kankan lọ́nà.

Láti ọjọ́ kejì ló ti jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ lórí itan, kò mira. Ohun tó rò ni pé bí kámẹ́rà bá ti gba ara òun lọ nítorí pé òun mira, ìdúró gbagidi lè dá a padà. Eṣinṣin bà á létè, kò lé e. Òjò wẹẹrẹ rọ̀ sí i lórí. Esnati ń sunkún ní ilé ìdáná, àwọn obìnrin sì ti ń wá bá a jókòó, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tí a ń bá opó sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń mí lójúde.

Nígbà tí Towera gbọ́, ó lọ síbẹ̀.

"Towera." Yotamu kò jẹ́ kí ètè rẹ̀ mira, ohùn náà jáde bí ẹni pé inú ìkòkò ló ti wá. "Tún mi yà. Mi ò ní mira."

Towera rí ọ̀nà tó rọrùn, ó sì gbà á. Ó jẹ́ kí kámẹ́rà ṣẹ́jú wàrà. Yotamu jáde ní odindi, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n. Ó fi hàn án. "Ẹ wò ó, Bọ̀dá Yotamu! Ẹ ti padà. Ó ti tán. Ẹ dìde, ẹ lọ jẹun."

Ojú Yotamu nìkan ló yí, láti ara fọ́tò wá sí ara ọmọ náà.

"O rí i?" ó sọ láìṣí ẹnu. "Tí mi ò bá ti mira, mo wà."

Kò jẹun. Oúnjẹ gba kí àgbọ̀n mira. Esnati ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì ń ṣàn padà sí irùngbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọkùnrin tí ìgbì omi kò lè mú, ó ń kú lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, nítorí gbólóhùn kan tí ọmọdébìnrin kan sọ kí àgbàlagbà lè wo ẹnu rẹ̀.

Towera sọ gbogbo rẹ̀ fún Lusungu lẹ́yìn ilé-ìwé: ti ìpéǹpéjú kámẹ́rà, ti ikọ́ Bàbá Gondwe, ti irọ́.

Lusungu ronú. Ọmọ tó mọ ìwé ni.

"Má sọ fún wọn," ó ní. "Wọ́n á ní o fi òkú Bàbá Gondwe ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á lù ọ́. Wò ó, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí Bọ̀dá Yotamu bá kú, ohun tí o rí ló ṣẹ. Tí kò bá kú, a ní o gbàdúrà fún un. Ọ̀nà méjèèjì, ìwọ lo jàre."

Towera fà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú nìkan. Òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ ní òru àná, lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó bọ́ ìborùn kúrò lórí, ó sì sáré lọ sílé.

"Ìyá àgbà," ó ní, "irọ́ ni mo pa."

NyaMhone ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Èmi kọ́ ni wàá sọ ọ́ fún."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo abúlé wà létí omi tí wọ́n ń dúró de ẹja, Towera bẹ Sabuni àti àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbé Yotamu wá. Wọ́n gbé e tòun ti àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀ọ́kán. Bí a ti rí ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ènìyàn kan tí kò mira, a dúró. Kò sẹ́ni tó ronú kó tó ṣe é. Ẹja ń jà nínú apẹ̀rẹ̀, a dúró. Ó dà bí ẹni pé ìsìnkú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí òun alára sì wá síbẹ̀.

Towera gun orí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Kámẹ́rà mi kì í rí ikú," ó ní. "Kò rí i rí. Tí ó bá la ojú pẹ́, ohun tó ń mira á di èéfín. Òun nìyẹn. Àǹtí Masozi, irọ́ ni mo pa fún yín. Ikọ́ ló ń gbọn Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ dárí jì mí."

A retí pé Masozi á lọ gbá a létí. Masozi kàn mi orí pẹ̀lú àánú.

"Ọmọ yìí," Baálẹ̀ Chiweyo ní, "má bẹ̀rù ẹ̀bùn rẹ. Ó máa ń wúwo fún ọmọdé."

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀bùn! Irọ́ ni!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀," obìnrin kan sọ lẹ́yìn.

Towera yíjú sí Tísà Mkandawire. "Tísà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nípa ìmọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Tísà wo bàtà rẹ̀. "Tó bá jẹ́ ti inú ìwé," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé." Ó wo ojú àwa tó yí i ká. "Àmọ́, ẹ mọ̀ pé ìwé náà, àwọn tó kọ ọ́ ò dé Chipeleka rí."

Ìgbà yẹn ló yé Towera pé ẹnu tó tó láti dá irọ́ náà sílẹ̀ kò tó láti gbé e kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà lé ìdí ọkọ̀ náà, ó yí i kí ó lè la ojú pẹ́, ó pe ìyá àgbà rẹ̀.

"Ibo ni mo máa tẹ̀?" NyaMhone béèrè.

"Ibí yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ti dé iwájú wọn."

A rí ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹnìkan kígbe pé kí wọ́n dì í mú, ṣùgbọ́n ta ló máa mira? Towera rìn lọ sí iwájú wa, ó kọjú sí kámẹ́rà. Ó mọ iṣẹ́ tí ìpéǹpéjú ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀rù bà á, nítorí ẹni tó bá pa irọ́ pẹ́, òun náà á di ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á gbọ́.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Ó fò. Ó na ọwọ́ sókè, ó yí po, ó fi ẹsẹ̀ tú iyanrìn, ó ju orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí oyin ń lé. Òun nìkan. Àwa yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí igbó òkúta.

Nígbà tí NyaMhone gbé kámẹ́rà sókè, àwọn tó wà nítòsí kérora. Gbogbo wa wà níbẹ̀, ojú wa là ketekete, ẹnu wa lanu. Níwájú wa, níbi tí ọmọbìnrin tó rẹwà jù ní Chipeleka wà, èéfín ni.

Towera gba kámẹ́rà, ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Yotamu. "Bọ̀dá, ẹ wò mí níbí. Mi ò ní ojú. Mi ò ní ọwọ́. Ẹ wá fọwọ́ kàn mí." Ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò lórí itan, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ òun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù.

Lẹ́yìn náà, ìka Yotamu kan mira. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú ọmọ náà tó kún fún òógùn àti iyanrìn, ó tún wo fọ́tò.

"Ọwọ́ rẹ gbóná," ó ní. Ètè rẹ̀ ṣí. Omi jáde lójú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú tì í, Sabuni sì gbá a mú kó tó ṣubú.

"Esnati," ó sọ ní èjìká Sabuni, "ebi ń pa mí."

Kí oṣù náà tó parí, ó ti padà sójú omi, orin rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ dé èbúté bíi ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, à bá ní òótọ́ ti borí. Ṣùgbọ́n àwa ará Chipeleka kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn òótọ́ tí kò ní àṣírí nínú. Kí wọ́n tó gbé ẹja kúrò létí omi lọ́jọ́ yẹn, a ti ń sọ ọ́ létí ara wa: "Ó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn ti gba ikú Yotamu sí ọrùn ara rẹ̀."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dúró fún Towera mọ́. A ń gún gbágùúdá wa lọ, a kàn ń wo ibòmíràn. A ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń wá sí ilé NyaMhone nínú àwo tí a bò. Lusungu dá báàgì rẹ̀ padà, ó gbé e sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Bí Towera bá ti ń ṣàlàyé ìpéǹpéjú kámẹ́rà tó, bẹ́ẹ̀ la ń káàánú rẹ̀ tó. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," la máa ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ní àkókò òjò, ìyá arúgbó kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Adágún ti gbé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ tipẹ́, wọn ò rí òkú rẹ̀. Ó jókòó ti Towera lórí ẹní, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tí o bá dé ọ̀hún," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bá mi wí fún un pé omi ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá fún wa. Sọ fún un pé mi ò bínú mọ́."

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ìyá náà ń wo ẹnu Towera, bí wọ́n ti wò ó lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dúró. "Mo gbọ́, Ìyá" kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ì bá fún arúgbó náà ní oorun. Ì bá tún sọ Towera di ẹni ńlá.

"Mi ò lọ síbẹ̀, Ìyá," Towera ní. "Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ojú ìyá náà ṣú. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó dìde pẹ̀lú ìrora eékún, ó sì wọ inú òjò lọ láìdágbére. Towera jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò pè é padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òótọ́ máa ń lé irọ́ bá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnu kan péré ni irọ́ nílò láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó tán, gbogbo ẹnu tó wà nílùú ni yóò fohùn ṣọ̀kan, ẹnu àwa ará Chipeleka kò sì tíì ṣọ̀kan rí lórí iye iyọ̀ tó yẹ ẹja. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn àgbà tí wọ́n dákẹ́ tí wọ́n ń wo ẹnu yín, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dákẹ́ lórí èyí tí ẹ kò mọ̀. Iyì tí irọ́ bá fúnni, ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró fún un.